Ẹ Jẹ́ Kí A Gba Ìwé Orí Ẹ̀rọ Sí Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Àwọn àgbà wa wí pé ìgbà kì í lọ bí òréré, bẹ́ẹ̀ ni ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ohun tí ó tó baba lò lè má tó ọmọ lò, ọ̀nà tí baba ń gbà dé oko sì lè ti di igbó nígbà tí ọmọ yóò bá fi nílò rẹ̀. Ìwé wà lára àwọn ohun tí ayé ti yí padà ní ojú wa báyìí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ ògo yín, ni ti ìwé orí ẹ̀rọ: ìwé tí a kò tẹ̀ sórí bébà, ṣùgbọ́n tí a ń ṣí kà lójú fóònù, lójú kọ̀ǹpútà, tàbí lójú tábúlẹ́ẹ̀tì.

Èrò tiwa kò lọ́jú pọ̀. Ó tó àkókò kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá gba irú ìwé yìí sí ilé ẹ̀kọ́, kí ó di ohun tí gbogbo ọmọ ń kà, kí ó má ṣe jẹ́ ti ọmọ olówó nìkan. Yóò dín owó ìwé kù, yóò gba ìwé èdè wa lọ́wọ́ iná àti ikán, yóò sì dín igi tí à ń gé kù. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú èrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí tí yóò tẹ̀ wá lọ́wọ́ bí a bá ń pín ẹ̀rọ bí ẹni ń pín ìrẹsì ìbò. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kò nílò kí a máa rán yín létí ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Ní ọjọ́ náà ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lé díẹ̀ ní 450,000. Ní ọdún 1955, wọ́n lé ní 800,000. Iṣẹ́ ńlá ni, ìtàn kò sì ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà ní kíláàsì láìní ìwé dà bí ẹni tí a pè wá sí ibi àsè tí a kò fún ní àwo. Ó ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, ó ń wo ẹnu àwọn tí ń jẹun, ebi ni yóò sì bá a délé.

Ìwé gan-an ni ó ń dá ọmọ púpọ̀ dúró lónìí. Bébà tí a fi ń tẹ ìwé ní Nàìjíríà, òkè òkun ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ ti ń wá, owó dọ́là ni a sì fi ń rà á. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ jọ̀wọ́ iye owó náírà fún ọjà láti pinnu, náírà sì já wálẹ̀ púpọ̀. Gbogbo ohun tí a fi dọ́là rà ni ó gbówó lórí, ìwé kò sì gbẹ́yìn. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ bá bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ bá mú ìwé orúkọ àwọn ìwé tí ó gbọ́dọ̀ rà wálé, òbí tí ó ní ọmọ mẹ́ta a máa ka owó rẹ̀ títí, a sì yan ìwé méjì nínú mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ mọ ohun tí ojú yín ń rí nígbà tí ọmọ mẹ́fà bá pa orí pọ̀ lé ìwé kan ṣoṣo lórí, tí ẹni tí ó wà ní ìkángun kò sì rí nǹkan kan ju ẹ̀yìn orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìwé orí ẹ̀rọ jẹ́ ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni. Nígbà tí òǹkọ̀wé bá kọ ìwé tán lónìí, orí kọ̀ǹpútà ni ìwé náà kọ́kọ́ wà kí ilé ìtẹ̀wé tó gbé e sórí bébà. Ìwé orí ẹ̀rọ kò ju pé kí á fi ìwé náà ránṣẹ́ sí òǹkàwé láìgba ti bébà. Ìwé olójú-ewé 300 tí kò ní àwòrán kì í sábà gbà ju àyè tí fọ́tò kan ṣoṣo ń gbà nínú fóònù lọ. Mẹ́mọ́rì káàdì, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ti ní ẹ̀dà kan, a lè ti ara rẹ̀ mú ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà jáde láìná kọ́bọ̀ lórí bébà, láìgbé ẹrù sínú ọkọ̀. Èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1971 ni Michael Hart, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé sínú kọ̀ǹpútà fún gbogbo ayé láti kà lọ́fẹ̀ẹ́, ètò rẹ̀ tí a ń pè ní Project Gutenberg sì wà títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ni ìwúlò ẹ̀dà púpọ̀ fún àwa Yorùbá, ìtàn ìwé Samuel Johnson ni a ó fi dá a lóhùn. Àlùfáà yìí, tí ó ṣiṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́, fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ìtàn wa lẹ́nu àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin, ó sì parí ìwé rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ ni. Ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì rí i mọ́. Wọ́n ní ó ti sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901 láìfi ojú kan ìwé rẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá pé àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kọ́kọ́ ṣe ṣì wà nílé. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ wọ̀nyí, ó sì tún ìwé náà kọ.

Ìyà ìwé náà kò tán síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, a tún fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, wọ́n sì darí rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé. Nígbà tí ó sì dé tán, ogun ti sọ bébà di ọ̀wọ́n gógó, wọ́n ní kí á dúró títí ogun yóò fi parí. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, ọdún 24 lẹ́yìn tí Samuel Johnson ti kọ ọ́ tán, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò sì ti di olóògbé.

Ẹ wò ó dáadáa. Ohun mẹ́ta ni ó ń dènà ìwé náà: ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà jìn, bébà sì wọ́n. Lónìí, ìwé kan náà wà ní Internet Archive, ibi ìkówèésí orí ayélujára tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìsẹ́yìn, olùkọ́ tí ó wà ní Kétu ní ilẹ̀ Benin, àti ọmọ Yorùbá tí a bí sí London lè ṣí i lọ́jọ́ kan náà, ní wákàtí kan náà, láìgba owó lọ́wọ́ wọn. Bí ilé kan bá jó, bí ọkọ̀ kan bá rì, ìwé náà kò ní parun mọ́. Mélòó nínú àwọn ìwé Yorùbá ni a lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa wọn? Awórerìn, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ń tẹ̀ ní Ìbàdàn, ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa fi mọ ìwé kà. Ìwé onítọ̀hún àti ọ̀pọ̀ bíi tirẹ̀ ń gbó lọ nínú àpótí àwọn àgbà. Ikán kò mọ ìwé Fágúnwà yàtọ̀ sí igi ìdáná.

Ní ti ìlò ojoojúmọ́, èrè rẹ̀ hàn sí ojú. Ọmọ tí ń fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò ní máa ru àpò tí ń tẹ̀ ẹ́ léjìká. Òjò kò ní máa rọ̀ sí ìwé ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ nínú kíláàsì tí òrùlé rẹ̀ ti ṣí. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé, tàbí tí ìjọba bá yí ètò ẹ̀kọ́ padà, a lè tún un ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ kan, a kò sì ní sọ ọ̀pọ̀ ìwé di ohun tí a fi ń wé ẹ̀pà àti àkàrà. Olùkọ́ tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè sọ lẹ́tà di ńlá bí ó ti fẹ́. Ọmọ tí kò rí òòkùn rárá lè gbọ́ ìwé tí ẹ̀rọ ń kà sí i létí. Ní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn Marrakesh, tí ó fún àwọn afọ́jú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìwé ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà lò ó. Ìwé orí ẹ̀rọ sì wà lára àwọn ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti mú àdéhùn náà ṣẹ.

Àwọn kan yóò ní, “Níbo ni iná wà?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Irú ẹ̀rọ kan wà tí a ṣe fún ìwé kíkà nìkan, èyí tí Kindle ti ilé iṣẹ́ Amazon sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ọdún 2007. Ojú rẹ̀ kò tàn yanran bí ti fóònù, ó dà bí bébà, a sì lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ìgbà tí a bá ṣí ojú-ewé ni ó ń jẹ iná, nítorí náà bátìrì rẹ̀ lè gbé ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó kú. Sólà kékeré kan lórí òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó láti fún ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní iná. Àwọn mìíràn yóò ní fóònù ń ba ọmọ jẹ́, pé eré àti ìsọkúsọ ni wọn yóò máa wò. Òótọ́ ni ti fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìwé kíkà tí a kò so mọ́ ayélujára kò ní fíìmù, kò ní orin, kò ní ẹni tí ń pe ọmọ sí àdúgbò burúkú. Ọ̀nà yìí kì í ṣe àlá. Láti ọdún 2010 ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Worldreader ti kó irú ẹ̀rọ yìí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè Gánà, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ sì fi ń kàwé.

A wá kàn ọ̀rọ̀ igbó. Igi ni a fi ń ṣe bébà. Ilé iṣẹ́ tí ń sọ igi di bébà sì wà lára àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tí ń jẹ iná tí ó sì ń mu omi jù lọ ní ayé. A kò wí pé inú igbó ìbílẹ̀ ni gbogbo bébà ti ń wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń ti oko igi wá. Ṣùgbọ́n àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìtàn tiwa, ìtàn náà kò sì dùn. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ bébà ti Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1969, ìjọba àpapọ̀ pinnu láti kọ́ òmíràn sí Ìwopin ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nítorí àtirí igi fún Ìwopin, a gé ọ̀pọ̀ igbó ìbílẹ̀ lulẹ̀ ní igbó ọba Ọmọ, a sì gbin igi mẹ̀línà dípò wọn. Igbó Ọmọ yìí ni igbó tí erin ṣì ń gbé títí di òní. Owó ìlú wọ inú ilé iṣẹ́ náà bí omi ti ń wọ inú iyanrìn, ṣùgbọ́n Ìwopin kò fún wa ní bébà tí orílẹ̀-èdè lè gbójú lé. Igbó lọ, bébà kò dé, a sì tún padà lọ ra bébà lókè òkun. Bí ọ̀nà kan bá wà tí ọmọ yóò fi kàwé láìsí pé a tún dá irú òwò bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Síbẹ̀, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀rọ kì í wú láti inú ilẹ̀ bí olú. Inú ilẹ̀ ni a ti ń wa àwọn irin tí ó wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Kóńgò sì ni èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú kóbọ́ọ̀tì tí a fi ń ṣe bátìrì ti ń wá, níbi tí àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí ń fi ọwọ́ wà á. Ní ọdún 2009, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan tí ń jẹ́ Cleantech Group ṣe ìṣirò pé ẹ̀rọ Kindle kan, láti ìgbà tí a bá ti ṣe é títí tí yóò fi bàjẹ́, ń fa nǹkan bí kílò 168 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ń mú ayé gbóná, ìwé bébà kan sì ń fa nǹkan bí kílò 7 ààbọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ pín kílò 168 sí ọ̀nà 7 ààbọ̀. Ìdáhùn yín yóò jẹ́ nǹkan bí 22 tàbí 23. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ rọ́pò tó ìwé 23 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ayé ní oore.

Nínú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Ọmọ tí ń lo ìwé mẹ́sàn-án lọ́dún kan yóò lo 27 ní ọdún mẹ́ta. Bí a bá fún un ní ẹ̀rọ tirẹ̀, tí ẹ̀rọ náà sì bàjẹ́ ní ọdún kìíní, ìwé mẹ́sàn-án péré ni ó rọ́pò. Owó ti lọ, igi tí a rò pé a gbà là ti di èéfín ní ibòmíràn, òkú ẹ̀rọ sì ti di ìdọ̀tí olóró. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mẹ́ta tí kíláàsì wọn yàtọ̀ bá ń lo ẹ̀rọ kan náà ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìwé 27 ni ó rọ́pò láàrin ọdún kan ṣoṣo, ohun gbogbo tí a bá sì fi kà lẹ́yìn èyí, èrè ni. Ìwé bébà pàápàá a máa ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ọwọ́ àbúrò, nítorí náà ẹ̀rọ tí yóò borí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a pín in lò, kí ó sì pẹ́ láyé: bí a kò bá ṣe èyí, kí á má ṣe fi orúkọ igbó bojú.

Ilẹ̀ Yorùbá ti dán irú ètò yìí wò rí, a kò sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀. Ní ọdún 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà, gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ oríṣi iṣẹ́ 17 wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá, wọ́n sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ náà bá a mu, nítorí ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ ọpọ́n mọ̀ pé ibi tí ọgbọ́n wà ni. A yìn wọ́n fún ìgboyà náà, nítorí kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó yẹ kí á kọ́ lára irú ètò bẹ́ẹ̀ ni pé ìjọba kan a máa lọ, òmíràn a sì dé. Ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí kò ní ilé tí a ti ń tún un ṣe, tí owó ìtọ́jú rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ìṣúná ọdọọdún, kò lè pẹ́ ju ìjọba tí ó rà á lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní 1955 ṣì dúró lónìí nítorí pé ti ìlú ni, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ewu mìíràn tún wà tí kò hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ra ìwé bébà ti ra á tán, ṣùgbọ́n ìwé orí ẹ̀rọ lè wà lọ́wọ́ ẹni kó máà jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Amazon wọ inú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti òkèèrè, ó sì pa ìwé méjì tí George Orwell kọ rẹ́ kúrò níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó fi wọ́n sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn jí, wọn kò bá ìwé wọn mọ́. Nílé wa níhìn-ín, OkadaBooks, ilé ìtàwé orí ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2013, tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà fi ta ìwé wọn, ti ilẹ̀kùn ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 2023. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí òwò a máa jèrè, a sì máa pàdánù. Ohun tí a ń wí ni pé ìwé tí ọmọ ìlú fi ń kẹ́kọ̀ọ́ kò gbọ́dọ̀ so mọ́ òwò ẹnì kan tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé yóò fi bá ọjà kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò yín bá tún dé, tí wọ́n sì ṣe ìlérí ẹ̀rọ fún ọmọ yín, ẹ má ṣe kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún yìí. Ta ni yóò ni ẹ̀rọ náà, ilé ẹ̀kọ́ ni àbí òṣèlú tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀? Ọmọ mélòó ni yóò máa lo ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọdún mélòó sì ni yóò fi ṣiṣẹ́? Níbo ni a ti ń tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, ǹjẹ́ a ó sì kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa ní iṣẹ́ náà? Níbo ni òkú ẹ̀rọ àti bátìrì yóò lọ, níwọ̀n bí òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ti wà láti ọdún 2011? Ìbéèrè karùn-ún ni pé, ìwé Yorùbá mélòó ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn márààrún, ọjà ni ó ń ná, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni ó ń wá.

Ìbéèrè karùn-ún yìí kan gbogbo wa. Bí ẹ̀rọ bá dé tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì kún inú rẹ̀, a ti fi owó ara wa ra ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ wa gbàgbé èdè rẹ̀. Kí ìjọba ṣe ẹ̀dà orí ẹ̀rọ fún gbogbo ìwé Yorùbá tí ó ti di ọ̀wọ́n, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ wọn ní pípé, nítorí ẹ̀rọ tí kò mọ “ọkọ̀” yàtọ̀ sí “ọkọ́” kò lè kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé. Kí á kó ẹ̀dà wọn sí ibi púpọ̀: sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, sí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, sí Èkó, àti sí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí á sì san owó tí ó tọ́ fún òǹkọ̀wé tàbí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Òfin Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. D. O. Fágúnwà kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, nítorí náà ìwé rẹ̀ ṣì ní olówó títí di òpin ọdún 2033. Ìjọba tí ó bá fẹ́ fi ìwé rẹ̀ sínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bá àwọn tí ó ni í jókòó. A kò gbọ́dọ̀ fi olè jíjà kọ́ ọmọ ní ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín kò ní tán nítorí ẹ̀rọ, ó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pọ̀ sí i ni. Ẹ̀rọ kò mọ ọmọ tí kò jẹun wá láàárọ̀, kò sì mọ èyí tí ń fi ojú sí ìwé tí ọkàn rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí ẹ ń kọ́ mọ ẹ̀rọ jù yín lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè: ẹ jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò, kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé Yorùbá àtijọ́ nínú àpótí, ẹ gbé e jáde, ẹ jẹ́ kí àwọn ilé ìkàwé ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí ikán tó ṣe tirẹ̀.

A kò wí pé kí á kó ìwé bébà dànù. Ọmọ kékeré tí ń kọ́ a, b, d ṣì nílò ìwé tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣí, tí yóò fi ìka tọ́ka sí àwòrán rẹ̀, tí yóò sì ya díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí bébà wà níbi tí ó ti wúlò jù, kí ẹ̀rọ sì wà níbi tí bébà kò lè dé. Bí a bá ṣe é báyìí, ọmọ tí ó wà ní ìkángun àga, tí kò rí ju ẹ̀yìn orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò rí ìwé kà lójú ara rẹ̀. Àwọn tí ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ní 1955 ti ṣe tiwọn. Ìwé tí yóò wà lọ́wọ́ ọmọ tí ó gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, ọwọ́ tiwa ni ó kù sí.